Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: LẸ́TÀ "C" TÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀ ÀWA YORÙBÁ

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ẹ̀jẹ̀. Ó kan gbogbo ilé tí ọmọ tó tó ọkọ tàbí aya wà, ó sì kan ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sí etí àwọn ìyá àgbà tí ojú wọn kò ríwèé mọ́, nítorí pé ẹnu wọn ń ká ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nínú ilé ju tiwa lọ.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí a bá ń béèrè jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ ọkọ àti ìyàwó kí á tó so yìgì (ó sì dára pé a ti ń béèrè rẹ̀), ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń tẹ́tí sí: ṣé S méjì kò pàdé? Bí ọmọkùnrin bá ní òun jẹ́ AS, tí ọmọbìnrin sì ní òun jẹ́ AC, ẹ ó gbọ́ tí àwọn èèyàn á dáhùn pé alhamdulillahi, kò sí SS níbẹ̀. Wọ́n á sì mú ọjọ́. Àṣìṣe gbáà ni. AS àti AC lè bí ọmọ tó jẹ́ SC, fòníkú-fọ̀ladìde náà sì ni SC. Àwa Yorùbá tí a wà ní Ugbor àti káàkiri Benin City ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 100 lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ohun tí wọ́n fi ń gbé e ni hìmóglóbìn, òun náà ló sì sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa. Oríṣi hìmóglóbìn tí a bá jogún ni lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ìwé àyẹ̀wò: a gba lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, a gba ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. A ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. S àti C ni méjì tó yàtọ̀ tó sì wọ́pọ̀ lágbègbè wa.

Ṣùgbọ́n hìmóglóbìn nìkan kọ́ ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Omi wà níbẹ̀, iyọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iyọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú sẹ́ẹ̀lì ni èyí tí wọ́n ń pè ní pọ̀tásíọ̀mù. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ ọ́n láì mọ orúkọ rẹ̀, nítorí òun ló pọ̀ nínú eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń sè é. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é pàápàá, láti ara eérú tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò láyé àtijọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kán-ún ni mò ń wí o. Sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú kán-ún tiwa, kì í ṣe pọ̀tásíọ̀mù.)

Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì pupa bí ìlú tí odi àti yàrà yí ká, bí Benin ti rí láyé àtijọ́. Pọ̀tásíọ̀mù tó wà nínú odi yìí fi ìlọ́po 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju èyí tó wà lóde lọ. Sódíọ̀mù ni tirẹ̀ pọ̀ lóde, kò pọ̀ nínú. Kì í ṣe pé ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru: bí ó bá ti ti sódíọ̀mù mẹ́ta síta, á fa pọ̀tásíọ̀mù méjì wọlé. Yàtọ̀ sí ẹ̀rọ yìí, àwọn ẹnubodè kéékèèké wà lára odi náà tí pọ̀tásíọ̀mù lè gbà jáde. Wọ́n yẹ kí wọ́n wà ní títì lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n ṣí nígbà tó bá yẹ. Bí ẹnubodè bá wá ṣí sílẹ̀ láìtọ́, pọ̀tásíọ̀mù á máa jò lọ. Ibi tí iyọ̀ bá sì lọ, omi a tẹ̀lé e. Sẹ́ẹ̀lì á gbẹ, hìmóglóbìn inú rẹ̀ á sì ki pọ̀.

Ẹ rántí gààrí. Bí omi bá pọ̀ lórí rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi yẹn dínkù, á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí S ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Nígbà tí ó bá ti já ọ́síjìn tó gbé sílẹ̀, S a máa dì mọ́ S ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á nà tàntàn bí ọ̀pá, sẹ́ẹ̀lì tó rí roboto á sì tẹ̀ bí dòjé. Ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago ròyìn irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Sẹ́ẹ̀lì tó rí bí dòjé kò lè gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ń dí ọ̀nà, ìrora tí àwọn ọmọ wa ń ké sí ní òru sì ti ibẹ̀ wá.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́ ni ti ẹnubodè. Bí sẹ́ẹ̀lì S bá ti tẹ̀, awọ rẹ̀ kì í le mọ́, kálísíọ̀mù á sì ráyè wọlé. Kálísíọ̀mù yìí ló ń ṣí ẹnubodè kan tí onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Hungary, György Gárdos, ṣàkíyèsí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1958. Pọ̀tásíọ̀mù á tú jáde gba ibẹ̀, omi á tẹ̀lé e, hìmóglóbìn á túbọ̀ ki, á sì túbọ̀ yá S lára láti dì pọ̀ nígbà mìíràn. Títẹ̀ fa gbígbẹ, gbígbẹ tún fa títẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti fi oògùn kan, senicapoc, ti ẹnubodè náà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tó ń bàjẹ́ dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrora kò dínkù, ibẹ̀ sì ni wọ́n fi í sí.

Ó kan C wàyí. C kì í nà bí ọ̀pá bíi ti S. Ìwà tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹnubodè kejì wà tí pọ̀tásíọ̀mù àti kílóráìdì jọ máa ń gbà jáde pọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní C, ẹnubodè yìí a máa ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì náà gbẹ láti kékeré rẹ̀, kí wàhálà kankan tó dé rárá. Ẹni tó jẹ́ AC kò ní àìsàn kankan nítorí èyí. Ẹni tó jẹ́ CC lè ní àìtó ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde kọ́ nìyẹn. Ìgbà tí C bá bá S pàdé nínú ara kan náà ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀.

Àdììtú kan wà níbẹ̀ tí ó ti da àwọn dókítà pàápàá láàmú rí. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS, bíi 40 nínú 100 hìmóglóbìn rẹ̀ ni S, síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò ní àìsàn. Nínú ti ẹni tó jẹ́ SC, S jẹ́ 50 nínú 100, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti AS lọ, ó sì ń ṣàìsàn. Kí ló dé? Ní 1982, Franklin Bunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé rẹ̀: ìwọ̀nba S tó lé yẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì ni omi. C ti jẹ́ kí pọ̀tásíọ̀mù àti omi jò kúrò, S tó wà níbẹ̀ sì ti fún mọ́ra. Nígbà tí wọ́n dá omi padà sínú sẹ́ẹ̀lì SC ní yàrá àyẹ̀wò, dídìpọ̀ rẹ̀ dínkù gidigidi. Ní kúkúrú, C ń pèsè ilẹ̀ sílẹ̀ fún S.

Kí ló wá dé tí mo fi ní àwa ló kàn jù? Ìdí ni pé C kò tàn káàkiri bíi ti S. Ibi tó pọ̀ sí jù lọ láyé ni ìhà àríwá Ghana àti Burkina Faso. Ó wà ní Togo àti ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì wá títí dé ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti ń rí i lára ẹni bíi 5 tàbí 6 nínú 100. Bí èèyàn bá ti sọdá Odò Ọya lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kò wọ́pọ̀ mọ́. Nítorí náà, ìlú tí a ń gbé kò yí ohun tí a gbé wá padà: yálà láti Ìbàdàn ni bàbá rẹ ti wá, tàbí Ọ̀fà, tàbí Ìwó, tàbí Ìlọrin, ó ṣeé ṣe kí C wà nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ wá fi ti S kún un. Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Àwa kì í sì í fi ọmọ fún ẹni jíjìn lọ títí. Inú jámáà kan náà, inú ìlú kan náà tí a ti wá, ni a ti ń wá àna. AS àti AC kò lè ṣe kí wọ́n má pàdé.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni irú nǹkan báyìí ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ibà ni. Kòkòrò ibà inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gbé, sẹ́ẹ̀lì tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn sì ń dá a dúró. Ìwádìí tí David Modiano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn Mossi ní Burkina Faso, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé ewu ibà fi 29 nínú 100 dínkù lára ẹni tó jẹ́ AC, ó sì fi 93 nínú 100 dínkù lára ẹni tó jẹ́ CC. Ní 2018 ni wọ́n tún rí òmíràn tó jọ ọ́, tí kì í tilẹ̀ ṣe ti hìmóglóbìn: ẹnubodè kan tó ń jẹ́ PIEZO1 tó yàtọ̀ díẹ̀ lára bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ti ìran Áfíríkà wá. Ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn gbẹ díẹ̀, kòkòrò ibà kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀. Ardem Patapoutian, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ rí PIEZO1, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe èpè ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ìhámọ́ra ni, tí ó di ìṣòro nígbà tí méjì bá pàdé.

Bí AS bá fẹ́ AC, báyìí ni ìṣirò rẹ̀ ṣe rí nínú oyún kọ̀ọ̀kan: ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ á jẹ́ AA, ìdá kan AS, ìdá kan AC, ìdá kan SC. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí. Àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SC, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò náà ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ni. Mo sì fẹ́ kí àwọn bàbá gbọ́ èyí dáadáa: lẹ́tà kan ti ọ̀dọ̀ ọkọ wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ aya wá. Ẹni tó bá ń di ẹ̀bi ọmọ aláìsàn ru ìyàwó, tàbí tó ń fi í halẹ̀ pé òun á fẹ́ òmíràn, ìyàn ló ń jẹ ara rẹ̀.

SC máa ń tan èèyàn jẹ. Ọmọ tó jẹ́ SS, àìsàn rẹ̀ a máa tètè hàn, òun ni àwọn àgbà wa máa ń pè ní àbíkú. SC lè dàgbà, kí ó parí ilé ìwé, kí ó bímọ, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìrora rẹ̀ kì í sábà wá léraléra tó ti SS. Ṣùgbọ́n ojú ni ó ń bá jà jù. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà nínú ẹyinjú a máa dí, àwọn mìíràn tí kò lágbára á hù dípò wọn, wọ́n sì lè fa ẹ̀jẹ̀ sínú ojú. Èyí wọ́pọ̀ lára SC ju ti SS lọ, kì í sì í dunni títí ìríran á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ SC kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí kò bá ríran mọ́ kí ó tó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Orí egungun itan níbi ìgbáròkó náà lè kú, kí ó sọ géńdé di arọ. Aboyún tó jẹ́ SC sì nílò ìtọ́jú ilé ìwòsàn ńlá, kì í ṣe ti ilé agbẹ̀bí àdúgbò nìkan.

Ní ti omi, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ fún ilé tó ní ọmọ SS tàbí SC. Àìsàn yìí kì í jẹ́ kí kíndìnrín lè dá omi dúró sára, nítorí náà ọmọ náà á máa tọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ì báà jẹ́ pé kò mu omi. Ẹ má ṣe na ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó tọ̀ sórí ẹní. Ẹ kọ lẹ́tà sí olùkọ́ rẹ̀ pé kí ó máa mu omi nínú kíláàsì, kí wọ́n sì jẹ́ kó jáde nígbà tí ó bá tọrọ ààyè. Àwọn kan ti gbọ́ orúkọ pọ̀tásíọ̀mù, wọ́n á ní kí ọmọ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an. Oúnjẹ dára ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n àìtó pọ̀tásíọ̀mù nínú oúnjẹ kọ́ ló fa èyí. Ẹnubodè ló ṣí. Bí kíndìnrín bá sì ti ń bàjẹ́, pọ̀tásíọ̀mù àpọ̀jù tí a rà ní oògùn lè pa èèyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ omi yìí ti le jù fún àwa Mùsùlùmí ni inú oṣù Ramadan. Láti sààrì títí di ìṣínu, omi ń jáde lára ọmọ náà, kò sì sí èyí tó ń wọlé, nínú ooru ìlú yìí. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ á tún gbẹ sí i. Èmi kì í ṣe àáfà, ẹ bi àwọn Imáàmù wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé Súrà Bakara, áyà 184 àti 185, fún aláìsàn láyè, àti pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní ìparí, fífún aláìní lóúnjẹ wà fún un. Èyí tó ń dùn mí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba ààwẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ilé kéwú ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ yín tí ara wọn le sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àáfà, ẹ sọ ọ́ sókè nínú wáàsí, kí ọmọ tó ń mu omi ní ọ̀sán má baà máa sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé.

Ìtọ́jú kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Benin, UBTH, wà ní Ugbowo (Ugbowo o, kì í ṣe Ugbor tiwa). Níbẹ̀ ni dókítà Nosakhare Bazuaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìpààrọ̀ ọra inú eegun fún ọmọdé kan tó jẹ́ SS ní 2011. Ara ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti mú èyí tí wọ́n fún un, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Owó rẹ̀ ga, ó sì gba kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìyá bára mu, nítorí náà kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé lè dá lé. Oògùn hydroxyurea wà, tí ó ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ àwọn SS. Dókítà ni kí ó sọ ẹni tó yẹ fún, kí á má ṣe lọ rà á ní ọjà.

Ó ku ti àyẹ̀wò. Ẹ ṣe é kí ọkàn tó wọ ọkàn, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti gba owó orí. Àyẹ̀wò kan wà tó yá, tó sì pọ́ọ́kú, tí wọ́n fi ń wò bóyá S wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kò lè rí C rárá. AC á jáde nínú rẹ̀ bí ẹni pé AA ni, SC á sì jáde bí ẹni pé AS ni. Electrophoresis ni kí ẹ béèrè, tí wọ́n fi iná mànàmáná ya hìmóglóbìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí lẹ́tà méjèèjì sì wà nínú ìwé tí wọ́n bá fún yín. Kí ẹ ṣe é ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí àṣìṣe wọ́pọ̀. Bí ìwé méjèèjì kò bá bára mu, ẹ lọ sí ibi kẹta, kí ẹ má ṣe yan èyí tó wù yín. Ẹni tí wọ́n bá sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó gba tirẹ̀, nítorí pé A ti ẹlòmíràn lè wà níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí a rí tirẹ̀.